Bí ẹ ṣe lè fi etí ka ìwé Douglas Adams

Tí ẹ bá ti ṣí The Hitchhiker's Guide to the Galaxy, ìwé apanilẹ́rìn-ín tí òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì náà, Douglas Adams, kọ, rí, tí ẹ ka ojú ewé díẹ̀, tí ẹ sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí pé ẹ kò rí orí, ẹ kò rí ìdí rẹ̀, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹ pa ìwé náà dé ná, kí ẹ wá íapíìsì yín.

Iṣẹ́ eré orí rédíò ni mò ń ṣe ní Ìbàdàn. Èmi ni mo máa ń jókòó ti àwọn òṣèré, tí mo máa ń gé ohùn tí mo máa ń tò ó, tí mo máa ń wá ìró òjò àti ìró ilẹ̀kùn tí yóò bá ọ̀rọ̀ mu. Inú téèpù kan tí ọ̀gá wa mú bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ iṣẹ́ Adams, kó tó di pé mo rí ìwé rẹ̀ rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ní Dùgbẹ̀. Mo gbà pé ẹnu ọ̀nà tó tọ́ láti bá wọlé nìyẹn. Àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń wá sílé mi ní Bódìjà lálẹ́ ọjọ́ Sátidé ká lè jọ kàwé, bí mo sì ṣe ń mú wọn wọ inú iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni mo fẹ́ là sílẹ̀ fún yín.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ

Rédíò ló bí ìwé yẹn, ọ̀pọ̀ tó ń kà á ni kò sì mọ̀. Wọ́n bí Adams ní Cambridge ní ọdún 1952, ó dàgbà ní Brentwood ní Essex, ó sì padà sí Cambridge lọ kàwé ní St John's College títí ó fi jáde ní 1974. Eré apanilẹ́rìn-ín ló wù ú láti máa kọ. Ó bá Graham Chapman, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ apanilẹ́rìn-ín Monty Python, ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n owó kò wọlé. Nígbà kan, ó tilẹ̀ ń ṣe ẹ̀ṣọ́ fún ìdílé ọlọ́lá kan láti Qatar. Lẹ́yìn náà ni BBC gbà kó kọ eré kan fún àwọn. Ní alẹ́ ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 1978, ní aago mẹ́wàá ààbọ̀, Radio 4 gbé apá kìíní sáfẹ́fẹ́. Ìwé kò jáde títí di oṣù Kẹwàá ọdún 1979.

Simon Brett ló ṣe olóòtú apá àkọ́kọ́, Geoffrey Perkins ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ BBC Radiophonic Workshop ló wà nídìí ìró inú rẹ̀, ìyẹn nígbà tí téèpù ni wọ́n ń fi abẹ gé, tí wọ́n ń lẹ̀ pọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Adams fẹ́ kí eré náà dún bí àwo orin rọ́ọ̀kì, kí ìró gun orí ìró. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí yóò mọ iye wákàtí tó wà nínú ìṣẹ́jú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá apá mẹ́fà àkọ́kọ́ yẹn. BBC ti gbé e jáde fún títà, ó sì wà níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé àfetígbọ́. Ẹ kíyè sí ohun tí ẹ ń rà o: ìwé tí Stephen Fry kà sókè wà lórí àtẹ pẹ̀lú, ó dára, ṣùgbọ́n eré tí mò ń sọ ní òṣèré púpọ̀, Simon Jones ló sì ṣe Arthur Dent, olú ẹ̀dá ìtàn, níbẹ̀. Bí ẹ bá ti gbọ́ Peter Jones tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìwé atọ́nà inú ìtàn náà fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, ẹ ti dé ibẹ̀.

Apá kọ̀ọ̀kan ń lọ bí ìdajì wákàtí. Ẹ gbọ́ ọ lálẹ́, kí ẹ má fi dáná, kí ẹ má fi wakọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ kan péré tó bá bọ́ lọ ni gbogbo ẹ̀rín gbólóhùn náà wà. Ẹ tẹ́tí sí Peter Jones dáadáa. Ohùn rẹ̀ tutù bíi ti àgbàlagbà tó ń ṣàlàyé nǹkan fún àlejò, kò sì gbé e sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ti le. Ayé parẹ́, ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ibi tí ọgbọ́n Adams wà gan-an nìyẹn, ohùn yẹn ni kí ẹ gbé dání nígbà tí ẹ bá ń ṣí ìwé.

Ìwé kìíní, kí ẹ sì kà á sókè

Ìwé kìíní kó bí apá mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú eré náà. Ẹ gbọ́ apá kan, kí ẹ ka ibi tó bá a mu, kí ẹ tó bọ́ sí òmíràn.

Kíkà sókè ni mò ń sọ. Gbólóhùn Adams máa ń gun òkè: yóò fi ọ̀rọ̀ ńláńlá tó dà bíi ti ìwé ìjọba bẹ̀rẹ̀, yóò fi òmíràn kún un, yóò tún fi òmíràn sí i, yóò wá fi ọ̀rọ̀ kékeré kan ní ìparí fà á wálẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ojú sáré kà á yóò ti rí ọ̀rọ̀ ìparí náà kó tó dé ibẹ̀, ẹ̀rín yóò sì sá. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn òṣèré ni mò ń sọ fún yín: ẹ má ṣe mí ṣáájú ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn. Ẹ gbé gbogbo gbólóhùn náà ní èémí kan, kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ ìparí bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ dán an wò níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ ẹja kékeré aláwọ̀ yẹ́lò tí ènìyàn máa ń kì bọ etí tí yóò sì gbọ́ gbogbo èdè tó wà lábẹ́ ọ̀run. Níbẹ̀, ẹja yẹn di ẹ̀rí lórí bóyá Ọlọ́run wà tàbí kò sí, ẹjọ́ náà sì parí láàárín ìlà díẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá sílé mi a máa du ibẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láti kà.

Ìtàn náà kò ṣòro. Ọkùnrin kan, Arthur Dent, jí láàárọ̀, ó bá katakata lẹ́nu ọ̀nà tó fẹ́ wó ilé rẹ̀ nítorí pé ọ̀nà kan yóò gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n ní wọ́n ti lẹ ìwé ìkìlọ̀, ṣùgbọ́n àjà ilẹ̀ tí kò ní iná ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ sí. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, ọkọ̀ àwọn Vogon, ẹ̀dá láti ayé mìíràn, dé sójú ọ̀run láti wó gbogbo ayé nítorí ọ̀nà mìíràn, àwọn náà sì ní ìwé ìkìlọ̀ ti wà ní Alpha Centauri láti àádọ́ta ọdún. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jí rí tó bá àmì ọ̀dà pupa lára ògiri ilé bàbá rẹ̀, tó lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ní kó lọ, tí wọ́n wá sọ fún un pé ọjọ́ ìfẹ̀hónúhàn ti kọjá, kò nílò kí n túmọ̀ àwọn Vogon fún òun. Wọn kì í ṣe ẹni ibi. Òṣìṣẹ́ ni wọ́n, ìwé wọn pé. Ẹ má ṣe yára kúrò níbẹ̀, kí ẹ ka orí kìíní lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti 42: kọ̀ǹpútà ńlá kan ronú fún mílíọ̀nù ọdún méje ààbọ̀, ó ní òun ti rí ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ ilé ayé àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, ìdáhùn náà sì ni 42. Àwọn ènìyàn ti wá àdììtú sínú nọ́ńbà yẹn títí. Adams fúnra rẹ̀ sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, nọ́ńbà lásán tí kò tóbi jù ni òun ń wá. Ẹ má jókòó tì í. Ohun tó tẹ̀ lé e ló yẹ kí ẹ mú: wọ́n rí i pé ìbéèrè gan-an ni àwọn kò mọ̀, wọ́n wá kọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn láti wá ìbéèrè náà. Kọ̀ǹpútà yẹn ni ayé wa yìí, mílíọ̀nù ọdún mẹ́wàá ni iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ku ìṣẹ́jú márùn-ún kó parí nígbà tí àwọn Vogon dé.

Marvin nìkan ni n óò tún dárúkọ nínú ìwé yìí. Róbọ́ọ̀tì ni, ọpọlọ rẹ̀ tó pílánẹ́ẹ̀tì kan, kí ó lọ mú àlejò wọlé ni wọ́n ń rán an. Gbogbo ènìyàn ló ń fi ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà àkọ́kọ́. Nígbà tí ẹ bá tún kà á, ẹ ka tirẹ̀ nìkan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo mọ ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní dìgírì tí wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn fún àlejò.

Bí ẹ ṣe máa tò wọ́n

The Restaurant at the End of the Universe (1980) ni kí ẹ mú tẹ̀ lé e, kí ẹ má jẹ́ kó pẹ́, nítorí ìtàn kan náà ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè sinmi.

Ìkẹta, Life, the Universe and Everything (1982), kò ti inú eré rédíò wá. Èrò tí Adams ti kọ́kọ́ ní fún Doctor Who, eré tẹlifíṣọ̀n BBC, ló sọ di ìwé. Eré kírìkẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀ púpọ̀, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n gbá yóò máa kọsẹ̀. Ẹ fò ó níbi tó bá ti sú yín, ṣùgbọ́n ẹ má fo àwọn ará Krikkit fúnra wọn. Kùrukùru eruku bo pílánẹ́ẹ̀tì wọn, wọn kò rí ìràwọ̀ kan rí. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n, orin wọn dùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jáde síta tí wọ́n rí bí ojú ọ̀run ṣe kún tó, ohun tí wọ́n pinnu ni pé kí gbogbo rẹ̀ parẹ́. Mo ti ka ìwé ìtàn púpọ̀ lórí ogun, díẹ̀ ló fi ojú ewé kékeré bẹ́ẹ̀ sọ ohun tó tó báyìí.

So Long, and Thanks for All the Fish (1984) jẹ́ ìtàn ìfẹ́, orí ilẹ̀ ayé ló sì ti ṣẹlẹ̀ jù. Adams kì í lè parí ìwé lásìkò. Olóòtú kan, Sonny Mehta, ló bá a wọ yàrá òtẹ́ẹ̀lì kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó sì dúró tì í títí ìwé yìí fi parí. Ó hàn nínú rẹ̀, àwọn ibì kan sáré. Ṣùgbọ́n ibi tí Arthur àti Fenchurch, obìnrin tó fẹ́ràn, ti ń fò lójú ọ̀run Lọ́ńdọ̀nù lálẹ́ rọ̀ mí lọ́kàn gidigidi. Ìkarùn-ún, Mostly Harmless (1992), korò. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọdún mìíràn. Èyí tó jáde ní 2009 lẹ́yìn ikú rẹ̀, Eoin Colfer ló kọ ọ́, ìmọ̀ràn mi ni kí ẹ má kà á mọ́ ti Adams.

Dirk Gently, àti ọ̀rọ̀ àwọn òrìṣà

Ọ̀pọ̀ kì í dé ibí, ó sì dùn mí. Ìwé méjì ni Adams kọ nípa ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tó gbà pé kò sí nǹkan tí kò so mọ́ nǹkan. Ti àkọ́kọ́, Dirk Gently's Holistic Detective Agency (1987), kún fún ohun tó dà bíi pé kò bá ara wọn tan: àga tìmùtìmù tó há sórí àtẹ̀gùn, ẹṣin nínú ilé ìwẹ̀, ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń rà kó lè máa bá oníǹkan gba nǹkan gbọ́. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ka ewì méjì tí Coleridge, akéwì Gẹ̀ẹ́sì, kọ, Kubla Khan àti The Rime of the Ancient Mariner. Méjèèjì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láìsí wọn, ìparí ìwé náà yóò ṣókùnkùn sí yín. Bí ẹ bá rí City of Death, ìtàn Doctor Who tí Adams lọ́wọ́ sí ní 1979, ẹ wò ó pẹ̀lú. Irúgbìn ìwé yìí wà níbẹ̀.

Èkejì, The Long Dark Tea-Time of the Soul (1988), ni mo fẹ́ kí Yorùbá kà jù. Thor, òrìṣà àrá àwọn ará àríwá Yúróòpù, wà ní pápákọ̀ òfurufú Heathrow, ó fẹ́ wọkọ̀ lọ sí Oslo, kò ní pásípọ́ọ̀tù. Odin, bàbá rẹ̀, wà ní ilé ìwòsàn olówó ńlá, kò fẹ́ ju kí wọ́n máa tẹ́ aṣọ funfun mímọ́ sórí ibùsùn rẹ̀ lọ, ó sì ti fọwọ́ síwèé gbé agbára rẹ̀ fún àwọn kan nítorí ìyẹn. Àwọn òrìṣà yòókù ń sùn káàkiri ìgboro Lọ́ńdọ̀nù bí aláìnílé. Àwọn ènìyàn tó ń bọ wọ́n ti gbàgbé wọn, ikú kò sì sí fún wọn.

Lálẹ́ tí a kà á nílé mi, ọmọbìnrin kan béèrè pé, “Mà, níbo ni Ṣàngó ì bá wà nínú ìwé yìí?” A kò tètè lọ sílé lọ́jọ́ náà. Àwọn tiwa ń sọ pé bí ènìyàn kò sí, imalẹ̀ kò sí, ohun tí Adams sì fi odidi ìwé rò nìyẹn láì gbọ́ òwe wa. Ṣùgbọ́n olúkòso kò sùn sí ibùdókọ̀ kankan. Wọ́n kó àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́rú sọdá òkun, wọ́n gbé e lọ sínú ọkàn wọn, ó sì di Xangô ní Bùràsíìlì àti Changó ní Kúbà. Ní Ọ̀yọ́, wọ́n ṣì ń ṣọdún rẹ̀. Ẹ ka Thor pẹ̀lú èyí lọ́kàn. Ẹ óò rí i pé ìwé náà kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ lórí òrìṣà. Ìbéèrè ló jẹ́ lórí gbèsè tí ènìyàn jẹ òrìṣà tó ti bọ rí.

Èyí tí Adams fẹ́ràn jù

Kì í ṣe ìtàn àròsọ ni Last Chance to See (1990). Adams fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé nínú gbogbo iṣẹ́ òun, ìwé yìí ló sún mọ́ òun lọ́kàn jù. Òun àti onímọ̀ ẹranko kan, Mark Carwardine, ló rìn káàkiri láti wo àwọn ẹranko tó ń parẹ́, wọ́n sì ṣe é fún rédíò BBC pẹ̀lú. Ẹ kà á díẹ̀díẹ̀, orí kan lọ́sẹ̀ kan, kí ẹ sì wá ìròyìn ẹranko kọ̀ọ̀kan lónìí lẹ́yìn tí ẹ bá ti parí orí tirẹ̀.

Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ ohùn, orí Ṣáínà ni mo máa ń kọ́kọ́ kà. Wọ́n ń wá dolphin odò Yangtze, èyí tí ojú rẹ̀ kò ríran púpọ̀ tó sì jẹ́ ìró ló fi ń mọ ọ̀nà. Wọ́n fẹ́ mọ bí odò náà ṣe ń dún létí rẹ̀, ṣùgbọ́n máìkì tó ń wọ omi kò sí lọ́wọ́ wọn. Wọ́n lọ ra kọ́ńdọ̀mù, wọ́n fi wé máìkì, wọ́n sọ ọ́ sómi. Ariwo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí kò dáwọ́ dúró ni wọ́n gbọ́, ariwo kan ṣáá, kò sí àyè fún ìró mìíràn nínú rẹ̀. Ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín títí dé ìlà yẹn dópin síbẹ̀. Ní 2006, àwọn onímọ̀ wá odò náà títí, wọn kò rí ẹyọ kan.

Ti àgbáńréré funfun ti àríwá náà rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ wò wọ́n ní Garamba ní Zaire (Kóńgò lónìí), wọn kò ju bíi 22 lọ. Ní 2018, akọ tó kẹ́yìn, Sudan, kú ní Kẹ́ńyà. Abo méjì ló kù. Adams kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí inú ìwé: ní 1994, ó bá àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ìdáàbòbò àgbáńréré rìn lọ sí òkè Kilimanjaro, ó sì gbé aṣọ ńlá tí wọ́n ṣe bí àgbáńréré wọ̀ níbì kan lójú ọ̀nà. Kákápò ní New Zealand, odídẹ tí kò lè fò, tó jẹ́ pé akọ rẹ̀ máa ń wa kòtò sílẹ̀ tí yóò máa hó nínú rẹ̀ lóru bí ìlù ńlá, tirẹ̀ dára díẹ̀. Nígbà náà wọ́n ku bí ogójì. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú wọn kò jáwọ́, wọ́n sì ti lé ní 200 báyìí.

Kí ẹ ka ìwé yìí ṣáájú kí ẹ tó padà sí ti àkọ́kọ́. Nígbà tí ẹ bá tún dé ibi tí àwọn Vogon ti ń kéde pé àwọn fẹ́ wó ayé, ẹ óò mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ kò fi ọ̀rọ̀ ayé ṣeré.

Ó ku díẹ̀. Eré tẹlifíṣọ̀n ti 1981 dára fún àwòrán ìwé tó ń sọ̀rọ̀; fíìmù ti 2005 ẹ fi sí ìkẹyìn, nítorí ó gé ọ̀rọ̀ kúrò, ọ̀rọ̀ sì ni gbogbo rẹ̀. Adams kú lójijì ní Kalifóníà ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 2001, ọmọ ọdún 49 ni. Ohun tí wọ́n bá nínú àwọn kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni wọ́n kó jọ sí The Salmon of Doubt (2002). Àpilẹ̀kọ ló pọ̀ níbẹ̀, ìrìn Kilimanjaro wà lára wọn, ẹ lè mú èyíkéyìí kà nínú ọkọ̀. Ìtàn Dirk Gently tí kò parí wà lẹ́yìn. Kò sí ẹni tó bá a parí rẹ̀, nítorí náà ẹ mọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ pé yóò dá lágbede méjì.